Ọmọ Mi, Òróró Koríko Ọba Kì Í Ṣe Omi Tíì

Ọmọ mi, ṣé àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjànà jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà gbà? A dúpẹ́. Mu omi, gbé ọmọ fún mi, kí o jókòó tì mí níhìn-ín. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ, mo sì máa bá ọ wí nínú rẹ̀. Má fajú ro. Ẹni tí a fẹ́ràn là ń bá wí, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ìgò kékeré tí o yọ nínú báàgì yẹn ni. O ní òróró koríko ọba ni, o ní orí fóònù lo ti rí ẹni tó ń tà á, o sì ka owó gidi kalẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Ohun tó dùn mí ni ohun tí o ń fi ṣe. O ń kán an sínú omi gbígbóná mu láràárọ̀ kí ikùn lè fà sẹ́yìn. Nígbà tí òtútù mú ọmọ oṣù mẹ́jọ yìí, o fi ọwọ́ kan náà pa á mọ́ ọn láyà. Àyà ọmọ wá pọ́n, ó sú, o sì ń bi mí pé kí ló ṣe é. Òróró yẹn ló ta á lára. Jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún ọ, kí o má baà tún dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Koríko ọba, tí à ń pè ní ewé tíì, kì í ṣe àlejò nílé yìí. Kí wọ́n tó bí ọ ló ti wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ní ẹ̀bá ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ ilé ní Kàbà yìí, ní Ìjùmú, ní Bùnú, títí dé Yàgbà. Ìwọ fúnra rẹ la máa ń rán lọ já a, tí wàá máa sunkún pé etí ewé rẹ̀ ya ọ́ lọ́wọ́. Bí òjò oṣù keje bá ń rọ̀ tí òtútù mú, omi ewé tíì yìí la fi ń jẹ àkàrà. Bí ibà bá gbé ẹnìkan dè, òun àti ewé mángòrò, ewé dóńgóyárò, ewé ìbẹ́pẹ pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́ la ń kó sínú ìkòkò àgbo. Bí imú bá dí, a ó gbé ìkòkò yẹn sọ̀ kalẹ̀, a ó fi aṣọ borí, a ó máa fa ooru rẹ̀ símú títí òógùn á fi bò wá. Bí ẹ̀fọn bá pọ̀ lálẹ́, a ó ju ewé gbígbẹ rẹ̀ sínú iná kí èéfín lé wọn. Bí ọ̀gbàrá bá fẹ́ wọ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé lọ, òun la ń tò sí etí rẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa di ilẹ̀ mú. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ìwọ fi èyí tó wà lẹ́yìn ilé bàbá rẹ sílẹ̀, o lọ ra èyí tí o kò mọ bí wọ́n ti ṣe é.

Ohun tó wà nínú ìgò náà kò burú o, bí kì í bá ṣe ayédèrú. Ṣùgbọ́n ewé àti òróró rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́. Òórùn kan náà ni wọ́n ní, agbára wọn jìnnà síra, ẹni tí kò bá sì mọ ìyẹn á fi ohun rere ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá.

Dìde, bá mi já ewé díẹ̀ wá. Mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, má fà á tu. Gé e ní ibi tó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kúrò nílẹ̀, kí ìdí rẹ̀ lè tún yọ. Ó dáa. Ṣan án. Ká a sí méjì, ta á ní kókó, kí o fi ọwọ́ rún un títí yóò fi rọ̀. Ṣé o gbọ́ bí ó ṣe ń ta sánsán? Kí o tó rún un, òórùn rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Inú ara ewé ni òróró náà fara pamọ́ sí, nínú àwọn àpò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí, ìgbà tí ewé bá fọ́ ni wọ́n ń bẹ́. Da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí, kí o dé e. Dé e dáadáa, ọmọ mi, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo yín ti ń kùnà. Ẹ ó ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí ó máa hó fún wákàtí kan, gbogbo ilé á máa ta sánsán, inú yín á sì dùn. Òórùn tó gba inú ilé kan yẹn ti fi omi tí ẹ fẹ́ mu sílẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó. Ṣí ìdérí, yí i padà, wo omi tó lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó mú ju ti inú ife lọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ooru ló gbé òróró inú ewé dìde, ó kan ìdérí tó tutù, ó sì tún di omi padà. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe ohun tó wà nínú ìgò rẹ náà nìyẹn, kò sí awo kankan níbẹ̀. Wọ́n á kó ewé kún dùrọ́ọ̀mù, wọ́n á jẹ́ kí ooru omi tó ń hó gba àárín rẹ̀, ooru yẹn á wọ inú páìpù, páìpù á gba inú omi tútù kọjá, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìlàjẹ ṣe ń sè ògógóró. Ohun tó máa kán jáde lẹ́nu páìpù, omi àti òróró ni. Òróró náà kì í bá omi pò, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ, nítorí náà yóò léfòó, wọ́n á rọra fà á kúrò lókè. Omi tó kù nísàlẹ̀ ṣì ń ta sánsán, a lè fi í fọ ilẹ̀.

Wá wo bí ó ti kéré tó. Bí o bá kó ewé tútù tó jẹ́ kílò 100 sínú dùrọ́ọ̀mù, òróró tí wàá rí gbà, gíráàmù 200 sí 500 ni. Kò pé lítà kan. Ìgò tìrẹ yìí, mílílítà 10 ni wọ́n kọ sí i lára. Ó tó kílò 2 sí 4 ewé tútù tí wọ́n sè kí wọ́n tó rí i. Ewé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rún sínú ife yìí ńkọ́? Kò ju gíráàmù 10 lọ, gbogbo òróró inú rẹ̀ kò sì ju ẹ̀kán kan lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ jáde sínú omi. Ìwọ sì ń kán márùn-ún sínú kọ́ọ̀pù kan. Òróró inú ife márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lò ń dà sọ́fun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì sí ohun tó là á, nítorí kì í yòrò nínú omi. Ojú omi ló ń léfòó sí, òun gan-an ló ń kọ́kọ́ kan ètè rẹ, ọ̀nà ọ̀fun rẹ àti inú rẹ. O wá pè mí lórí fóònù pé àyà ń ta ọ́ láàárọ̀. Kí lo rò pé ó ń ta á?

Ohun tó ń mú kí ó ní òórùn ọsàn yẹn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní citral. Nínú òróró koríko ọba, òun nìkan a máa kó nǹkan bí ìdá 65 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń fi citral ṣe lọ́fíńdà àti ọṣẹ, inú rẹ̀ ni wọ́n sì lè gbà ṣe fítámì A. Ó wúlò gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan awọ ara láìlà, ó lè ta á, ó sì lè mú kí ara kọ̀ ọ́ pátápátá. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìpara èyíkéyìí tó bá ní in nínú, bí ó ti wù kó kéré mọ, á máa mú ara ẹni náà sú. Nítorí ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní kí wọ́n kọ orúkọ citral sára ìpara tàbí ọṣẹ tó bá ti ju ìwọ̀n kan lọ nínú rẹ̀.

Robert Tisserand àti Rodney Young, àwọn tó kọ ìwé lórí ewu tó wà nínú irú òróró wọ̀nyí, ní kí ti koríko ọba má ju ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun tí a bá máa fi para. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọwọ́ rẹ ṣe lè mú un. Mú òróró àgbọn tàbí òrí yíyọ́ tó jẹ́ mílílítà 30, kán ẹ̀kán mẹ́rin sí i, kò gbọdọ̀ lé. Fi díẹ̀ sí apá lápá inú, ní ibi tí ìgbọ̀nwọ́ ti ń ká, kí o fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wò ó bóyá ara gbà á. Àgbàlagbà ni mò ń sọ o. Ọmọ ọwọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Aláboyún náà, kí ó fi òróró sílẹ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ máa dá a mu lọ́wọ́ ara rẹ̀ bí o ti ń ṣe yẹn.

Ní ti àyà ọmọ yìí, ọṣẹ tí kò lóòórùn àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ká fi wẹ̀ ẹ́, ká má tún fi ohunkóhun kùn ún. Bí ó bá wú, tàbí tí o rí i pé mímí ń ṣòro fún un, ilé ìwòsàn lẹsẹ̀kẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí ni ti ibà. Ìyá rẹ ló sọ fún mi. Ó ní nígbà tí ara ọmọ gbóná lóṣù tó kọjá, àgbo ewé tíì lo fi ń wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí o tó gbé e jáde nílé. Ọmọ mi, o kò ṣe dáadáa. Mo fẹ́ràn àgbo, inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Omi koríko ọba ń tu aláìsàn lára, ó ń jẹ́ kí ẹni tí oúnjẹ kò wù rí omi tó dùn lẹ́nu mu, ooru rẹ̀ sì ń mú ara rọ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò ibà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í lọ nítorí pé ara tù wá. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ní Kamẹrúùn tẹ ìwádìí jáde pé àwọn dán òróró koríko ọba àti òróró efinrin wò lára eku tó ní ibà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì dín kù. Dín kù ni wọ́n wí, eku sì ni. Ọdún 2005 yẹn kan náà ni ìjọba Nàìjíríà fi oògùn chloroquine sílẹ̀, tí wọ́n ní oògùn ACT ni kí a máa fi wo ibà, nítorí chloroquine kò ran kòkòrò náà mọ́.

Nínú gbogbo ènìyàn tí ibà ń mú lágbàáyé lọ́dún kan, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó jẹ́ ará Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kú. Ọjọ́ kan péré ti tó kí ibà ọmọdé di gìrì. Nítorí náà, bí ara ọmọ bá ti gbóná, gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá rí ibà, fún un ní oògùn tí wọ́n kọ, kí ó lò ó tán. Lẹ́yìn náà, bí ìwọ fúnra rẹ bá fẹ́ jókòó ti ife ewé tíì kí ọkàn rẹ balẹ̀, èmi ni màá sè é fún ọ.

Má sì ṣe rò pé èmi ń tàbùkù ewé. Ewé ni olórí èròjà inú ACT pàápàá ti ṣẹ̀ wá. Obìnrin ará Ṣáínà kan tí ń jẹ́ Tu Youyou ló ka ìwé ìṣègùn àtijọ́ ilẹ̀ wọn, ó rí i pé omi tútù ni wọ́n ní kí a rẹ ewé kan báyìí sí, kí a fún un mu. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sè é tẹ́lẹ̀, kò sì dúró lójú kan. Ó wá yé e pé iná ló ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ó lo ohun tí kì í fẹ́ ooru púpọ̀ láti yọ oje rẹ̀, ó dán an wò, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un dán wò. Ní 2015, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún ewé ni ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó lè ṣe, ìwọ̀n tó yẹ kó jẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ parí sí. Èyí tí ẹ ń ṣe lórí fóònù, tí ẹnìkan á ní ó ń wo ibà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti jẹjẹrẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ọ̀wọ̀ fún ewé.

O tún ní omi koríko ọba ń múni sùn. Wọ́n ti wádìí ìyẹn náà. Ní Bràsíl, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ nígbà òwò ẹrú, koríko yìí kún ilé wọn, capim-santo ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń mu omi rẹ̀ kí oorun lè kùn wọ́n. Ní ọdún 1986, Elisaldo Carlini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fún àwọn ènìyàn mu. Wọn kò rí i pé ó mú oorun wá, wọn kò sì rí i pé ó ṣe ara wọn níbi. Èmi gba méjèèjì. Omi ewé tíì kò ní pa ọ́ lára bí o bá mu ún níwọ̀n. Bí o bá sì sùn lẹ́yìn tí o mu ún, bóyá jíjókòó jẹ́ẹ́ láìgbé fóònù sójú ló mú ọ sùn. Èyí tí o ní ó ń fa ikùn sẹ́yìn yẹn, ìṣù iyán tí ò ń gbé mì lálẹ́ ni kí o dín kù.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn ńkọ́? Òróró koríko ọba a máa lé ẹ̀fọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ fò lọ kúrò lára, ẹ̀fọn á sì padà wá bá ọ. Àwọn tó ń tà á sì máa ń da orúkọ rú. Citronella tó wà nínú àbẹ́là àti ìpara tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn, ìbátan koríko ọba ni, kì í ṣe òun gan-an. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Otto Stapf, tó ṣiṣẹ́ ní ọgbà Kew nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló to ìdílé àwọn koríko olóròóró yìí lẹ́sẹẹsẹ ní 1906, láti orí èyí tó wà ní Índíà títí dé ti Ceylon, òun ló sì fún tiwa ní orúkọ Cymbopogon citratus tí àwọn onímọ̀ ń pè é di òní. Nítorí náà, wo orúkọ tó wà lára ìgò kí o tó sanwó. Bí o bá sì fẹ́ dá ayédèrú mọ̀, kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun, fi sílẹ̀ di ọ̀la. Òróró gidi á fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ tán. Bí ojú ibẹ̀ bá ṣì rí bí ibi tí wọ́n ti fi bébà gbé àkàrà, wọ́n ti da òróró ẹ̀pà mọ́ ọn. Lálẹ́, abẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni kí ọmọ yìí máa sùn, kí àlàyé má pọ̀.

Àwọn kan ní bí a bá gbin koríko ọba yí ilé ká, ejò kò ní wọlé. Ìwọ má gbára lé ìyẹn o. Ìdí koríko ọba tí a kò tọ́jú, tí ewé gbígbẹ dì mọ́, eku á sùn síbẹ̀, ejò á sì wá eku wá. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo lé àwọn ọmọ ilé yìí lórí pé kí wọ́n máa ṣa òkú ewé rẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n ti oyin, òótọ́ ni. Àwọn tó ń sin oyin máa ń kán òróró yìí díẹ̀ sínú àpótí tó ṣófo kí agbo oyin lè wá wọ̀ ọ́, nítorí òórùn tí oyin fúnra wọn fi ń pe ara wọn jọ ní citral nínú. Bí o kò bá fẹ́ sin oyin, má fi òróró yẹn para lọ sóko.

Mo mọ̀ pé wàá ní owó wà nínú rẹ̀, pé ìdí tí o tún fi rà á nìyẹn, kí o lè kọ́ bí wọ́n ti ń ṣe ìpara àti ọṣẹ. Èyí ni mo fẹ́ gbọ́! Ó dára jù kí o máa ra ìgò kékeré kiri lọ. Ilẹ̀ wà níbí. Koríko yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, ọ̀nà Índíà àti àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn ibẹ̀ ló ti wá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kàbà gbà á dáadáa. Kì í sábà yọ òdòdó, nítorí náà má wá irúgbìn rẹ̀ kiri. Tú ìdí àgbà kan, ya ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú gbòǹgbò, gé ewé rẹ̀ kúrú, kí o gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà méjì síra nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Kò fẹ́ ibi tí omi ń dá sí. Láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, wàá gé e lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́yìn náà wàá máa gé e ní oṣù méjì-mẹ́ta síra. Bí ó bá ti tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tú u, tún un gbìn, nítorí ìdí rẹ̀ á ti gbó.

Bí o bá fẹ́ sè é, gé e lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ. Fi í síbòji fún wákàtí díẹ̀ kí ó rọ díẹ̀, dùrọ́ọ̀mù á gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Má sá a sóòrùn, oòrùn á jẹ ẹ́ lówó lọ. Ìgò dúdú tàbí aláwọ̀ ilẹ̀ ni kí o rọ òróró rẹ̀ sí, kí o dé e pinpin. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ike, òróró yìí a máa jẹ ike. Èyí tó bá ti pẹ́ tí atẹ́gùn ti wọ̀ á túbọ̀ máa ta ènìyàn lára, má tà á fún ẹnikẹ́ni. Kí o tó ná owó kankan, yà sí ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì, ní Èkó tí ò ń gbé, ibi tí ò ń gbà kọjá lọ síbi iṣẹ́. Láti 1956 ni wọ́n ti wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti fi ohun tó ń hù nílẹ̀ wa kọ́ àwọn ènìyàn níṣẹ́. Lẹ́yìn náà, gba nọ́ḿbà lọ́wọ́ àjọ NAFDAC kí o tó tà á. Má sọ pé ó pọ̀ jù. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò máa fi ọjà rẹ para, o sì ti rí àyà ọmọ tìrẹ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Ìgò yẹn, gbé e sórí àpótí níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè dé e, má jù ú nù, owó rẹ ni. A ó fi ẹ̀kán mẹ́rin là á nínú òrí fún ẹsẹ̀ mi tó ń ro mí, kí a kọ́kọ́ dán an wò lápá. Omi àràárọ̀ yẹn, òní ló parí. Kí o tó padà sí Èkó, wàá ya ọmọ koríko márùn-ún tàbí mẹ́fà nídìí èyí tó wà lẹ́yìn ilé yìí, wàá fi àpò tútù wé gbòǹgbò rẹ̀, wàá gbìn ín sínú korobá tó lójú nísàlẹ̀ ní bàkónì rẹ. Bí ara ọmọ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí o kọ́kọ́ pè, kí o tó pè mí. Bí mo bá gbọ́ pé o tún dúró ọjọ́ mẹ́ta, èmi fúnra mi á wọkọ̀ wá bá ọ. Ọlọ́run á wò ó dàgbà fún wa. Ó yá, gbé ife rẹ, mu ún kí ó tó tutù.